Nígbà tí Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo Ń Ṣe Àríyànjiyàn Lórí Awólọ́wọ̀

Bí ènìyàn bá dárúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí ní ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, tàbí ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aró, ìyìn ni yóò fi etí rẹ̀ gbọ́, títí tí ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá náà yóò fi rò pé láti ọjọ́ tí ó ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ni gbogbo ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ti fi ẹnu kan gbé e gẹ̀gẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti Ọwá Ọbòkun Àdìmúlà àti ẹkùn Ọ̀ṣun tí Òṣogbo jẹ́ ojú rẹ̀ wà lára ibi tí ẹgbẹ́ alátakò rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ ṣinṣin, tí àwọn àgbà àti ọ̀dọ́ ti ń béèrè ní ọ̀sán gangan bóyá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yẹ ní ẹni tí à ń fi ìjọba lé lọ́wọ́; nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó sì gbà kí ilẹ̀ kan náà tó wá di ibi tí ìbò rẹ̀ ti ń ya bí omi. Bí ìyípadà náà ti wáyé, àti ohun tí tọ̀tún-tòsì ń sọ kí ó tó wáyé, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ni a ti bí Awólọ́wọ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ìyà ọmọ òrukàn sì jẹ ẹ́ dáadáa kí ó tó di olùkọ́, akọ̀wé, akọ̀ròyìn, oníṣòwò kòkó àti ọlọ́kọ̀ akérò. Nínú òwò wọ̀nyí, ó jèrè, ó sì jẹ gbèsè. Ní 1944 ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Nígbà tí ó padà dé, ó dá ìwé ìròyìn Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1949, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìjókòó àkọ́kọ́ Action Group sì wáyé nínú ilé rẹ̀ ní Òkè-Bọ́lá, kí wọ́n tó fi ẹgbẹ́ náà han gbogbo ayé ní Ọ̀wọ̀ ní 1951. Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re ni wọ́n ń pè é ní èdè wa. Àwọn mẹ̀kúnnù, tí wọ́n mọ̀ ọ́n nípa àmì igi ọ̀pẹ rẹ̀, ń pè é ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni olórí ẹgbẹ́ yìí ń súnmọ́ àwọn tí ayé ń pè ní ẹlẹ́gbẹ́ òsì, ìyẹn àwọn tí ó gbà pé iṣẹ́ ìjọba ni láti kó ọrọ̀ ilẹ̀ jọ sí ojú kan, kí ó sì fi tọ́jú ọmọ tálákà gẹ́gẹ́ bí ọmọ olówó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo kò fi sáré tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀. Láti ọdún 1907 tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Òṣogbo ni ìlú náà ti di oríta òwò: kòkó ń wọlé láti oko, ọjà àwọn òyìnbó ń jáde lọ sí ìgbèríko, àlejò láti gbogbo ìhà Nàìjíríà sì ń bá onílé ṣe fàájì. Ní ti Ìjẹ̀ṣà, Òṣómààló ni wọ́n, akíkanjú oníṣòwò aṣọ tí í ta ọjà àwìn láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé òkè Ọya, tí í sì í lóṣòó síwájú ilé ajigbèsè títí owó yóò fi wá sí ọwọ́ rẹ̀. Nàìjíríà lápapọ̀ ni ọjà irú ènìyàn báyìí. Ẹgbẹ́ tí ó ń sọ̀rọ̀ Nàìjíríà lápapọ̀ ni ó sì wọ̀ wọ́n létí. Ẹgbẹ́ yìí ni NCNC tí Herbert Macaulay àti Nnamdi Azikiwe jùmọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1944, tí àmì rẹ̀ jẹ́ àkùkọ. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ní tirẹ̀, jọ ti àwọn lọ́yà àti àwọn ọba ńláńlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn: Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí jẹ́ ọ̀kan nínú òpó tí ó gbé e ró, mo sì gbà pé ọmọ Ọwá Ọbòkun tí kò gbà pé òun wà lábẹ́ ọba kankan ní ilẹ̀ Oòduà kò lè fi inú dídùn wo irú ètò bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèkàn tí ó di ọ̀rọ̀ NCNC mú ní agbègbè náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Joseph Ọ̀dẹ́lẹ̀yẹ Fádáhùnsi, ọmọ bíbí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, oníṣòwò pàtàkì, wà lára àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ náà ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Kọ́láwọlé Balógun ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀ fún Nàìjíríà, ó sì di mínísítà ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí èyí dáadáa, nítorí àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń ṣe bí ẹni pé ọmọ Yorùbá tí ó bá Azikiwe rìn ti tà wá fún ará òkèèrè. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí nífẹ̀ẹ́ ìlú wọn. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí a fi ẹ̀yà ṣe odi yí ara wa ká.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kà sí ẹ̀ṣẹ̀ fún Awólọ́wọ̀ ni bí ó ti ṣe gun orí àlééfà. Lẹ́yìn ìbò 1951, ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó ń pariwo pé àwọn ni àwọn borí. Nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin jókòó ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní 1952, apá Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni ó kún jù, nítorí àwọn tí wọ́n wọlé láìjẹ́ ti ẹgbẹ́ méjèèjì, àti àwọn tí NCNC ka mọ́ tirẹ̀, ti lọ jókòó síbẹ̀; nínú àwọn mẹ́fà tí ẹgbẹ́ àwọn ará Ìbàdàn mú wọlé, Adégòkè Adélabú nìkan ni ó dúró ti Azikiwe. Àwọn Alákùkọ ní ọ̀dàlẹ̀ ni, àti pé ìjọba tí a fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ gbà kò lè jẹ́ ìjọba òdodo. Àwọn Ọlọ́pẹ dáhùn pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn kò fìgbà kan jẹ́ ti NCNC rí. Títí di òní ni àwọn òpìtàn ṣì ń jà lé ọ̀rọ̀ yìí lórí.

Ṣùgbọ́n owó ni ó mú kí àríyànjiyàn náà wọ inú ilé. Ní 1952 ni Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ìmọ̀ràn wá pé kí gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá san nígbà tí ọmọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ san kí ó tó lọ: ìjọba bu owó kún owó orí, ṣílè mẹ́wàá àti sísì lórí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ní ayé ìgbà náà, owó gidi ni èyí. Àgbẹ̀ tí ó ń gbin kòkó ní ẹ̀bá Òṣogbo wò ó títí, ó rí i pé ohun mẹ́ta ni ìjọba ń gbà lọ́wọ́ òun: owó rẹ̀ tí yóò san lónìí fún àǹfààní tí kò tíì fojú rí, ọmọ rẹ̀ tí yóò kúrò lóko nígbà tí kòkó bá pọ́n, àti àṣẹ rẹ̀ lórí ọmọ náà, nítorí wọ́n ní tipátipá ni. Ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdí mìíràn. Àwọn Ìjẹ̀ṣà kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó wá ìmọ̀. Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe wọn ti fi owó àti ipá ara wọn gbé Ilesa Grammar School dìde ní 1934, nígbà tí Awólọ́wọ̀ kò tíì di ẹni tí à ń pè níwájú. Ọmọ Òṣómààló tí ó mọ ìṣirò lè béèrè, láìṣe ẹni burúkú, pé èé ṣe tí a fi ní láti kó owó wa lọ sí Ìbàdàn kí àwọn ará Ìbàdàn tó wá bá wa pín in padà.

Awólọ́wọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ dídùn tu ẹnikẹ́ni nínú. Èyí ni ìwà rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀tá rẹ̀ ti rí ẹsẹ̀ gbé lé. Àwọn olóṣèlú mìíràn a máa pa òwe, a máa ṣẹ̀fẹ̀, a máa jó ijó agbo. Òun a kó ìṣirò jáde, a sọ iye tí ilé ẹ̀kọ́ yóò ná ìjọba, iye olùkọ́ tí a ó tọ́, ibi tí owó yóò ti wá, a sì padà lọ sí ìdí ìwé rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ní olóòótọ́ ni, pé kò purọ́ fún tálákà pé ohun rere kì í ní owó lórí. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní agbéraga ni, ẹni tí ó rò pé òun nìkan ni orí òun pé, àti pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́.

Ìbò fi èsì rẹ̀ hàn. Nígbà tí a dìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, NCNC gba àga 23 ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹgbẹ́ tí ó ń ṣe ìjọba níbẹ̀ sì gba 18. Ọdún yìí kan náà, ní oṣù Kẹwàá, ni Awólọ́wọ̀ di Pírémíà, ìyẹn olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ó wá di pé ẹni tí ó ń jókòó lórí ìtẹ́ ni àwọn ará ilé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbò nà ní ọrẹ́. Olóṣèlú mìíràn ì bá ti sọ ètò náà nù. Òun kò sọ ọ́ nù. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 dé 811,000 láàárín ọdún kan ṣoṣo. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò tó, olùkọ́ kò tó, àwọn tí ó ti sọ pé ẹ̀kọ́ yóò di yẹpẹrẹ kò ṣàìrí àpẹẹrẹ tọ́ka sí. Síbẹ̀, ìyá tí kò mọ ìwé rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó gbé sìléètì há abíyá, kò sì sí àwíjàre olóṣèlú tí ó lè mú kí ìyá náà gbàgbé ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ní 1956, tí a tún dìbò sí ilé aṣòfin Ìbàdàn, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ mú àga 48 nínú 80, Alákùkọ sì mú 32. Àga 32 kì í ṣe kékeré: ó fi hàn pé àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ó sì fún Ìwọ̀-Oòrùn ní alátakò tí Adélabú jẹ́ agbẹnusọ rẹ̀, títí ikú fi mú un lọ lójú pópó ní oṣù Kẹta 1958.

Mo ka ọdún mẹ́rin wọ̀nyí, láti 1952 títí dé 1956, sí èyí tí ó dára jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ìjọba dábàá ohun kan. Àwọn ènìyàn bínú sí i. Wọ́n fi ìbò bínú, wọn kò fi epo bẹntiróòlù bínú. Ìjọba gbé èso ohun tí ó dábàá jáde. Àwọn kan yí èrò wọn padà, àwọn mìíràn kò sì yí tiwọn. Kò sí ẹni tí ó gba ẹjọ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni pé a gbà á.

Ní 1959, Awólọ́wọ̀ fi ipò Pírémíà sílẹ̀ láti lọ dù ìjọba Nàìjíríà. Ọkọ̀ òfurufú hẹlikópítà ni ó gùn káàkiri Àríwá, ohun tí ojú ọ̀pọ̀ kò rí rí, ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ìbò ti oṣù Kejìlá náà tán, NPC, ẹgbẹ́ àwọn ará Àríwá, àti NCNC ni ó jọ dá ìjọba sílẹ̀, Abubakar Tafawa Balewa di olórí, Awólọ́wọ̀ sì di aṣíwájú àwọn alátakò ní Èkó. Ní Ìbàdàn, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹlẹ́nu dídùn bí oyin, ni ó jókòó sí àga Pírémíà. Àgbò méjì kì í mu omi nínú kòtò kan. Akíntọ́lá gbà pé kí Ìwọ̀-Oòrùn bá NPC rẹ́, kí ọmọ Yorùbá lè rí jẹ nínú ìjọba àpapọ̀. Awólọ́wọ̀ kọ̀, ó sì ń fa ẹgbẹ́ náà sí ọ̀nà sóṣíálísíìmù, èyí tí ó ń ba àwọn oníṣòwò àti àwọn ìjòyè nínú ẹgbẹ́ náà lẹ́rù. Ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní Jos ní oṣù Kejì 1962, sóṣíálísíìmù borí, Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sì bínú jáde.

Ìbéèrè tí àwọn ará ìlú ń bi ara wọn nígbà náà jinlẹ̀ ju ti owó orí lọ. Ta ni ó ga jù, olórí ẹgbẹ́ tàbí Pírémíà? Àwọn tí ó gbè lẹ́yìn Akíntọ́lá ní ẹni tí ó ti gbé ipò sílẹ̀ kò tún gbọdọ̀ máa fi okùn fa ẹni tí ó jókòó síbẹ̀. Pé bí Awólọ́wọ̀ bá lè ṣe báyìí sí igbákejì rẹ̀ ní Ìbàdàn, irú ọba wo ni yóò jẹ bí ó bá dé Èkó? Àwọn tirẹ̀ dáhùn pé ẹgbẹ́ ni ó rán Pírémíà níṣẹ́, ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í sì í yí iṣẹ́ náà padà lójú ọ̀nà. Lójú tèmi, àwọn alátakò rẹ̀ gbá a mú níhìn-ín: bí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ti rí kò yẹ kí ó di ìdí láti yọ olórí ìjọba láìjẹ́ pé ilé aṣòfin dìbò lójú ayé. Ọọ̀ni, tí ó jẹ́ Gómìnà, yọ Akíntọ́lá ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún lórí ìwé tí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí. Wọ́n fi Daúdà Adégbẹnró sí ipò rẹ̀. Ní ọjọ́ 25, àga ń fò nínú ilé aṣòfin. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 29, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì, ó sì gbé Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí wá ṣe alábòójútó. Báyìí ni ẹjọ́ tí ó yẹ kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn fi ìbò dá ṣe bọ́ sí ọwọ́ Èkó.

Lẹ́yìn èyí, ìjì kò dúró. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Coker ṣe alága rẹ̀ ní owó àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ inú àpò ẹgbẹ́, ó di ẹ̀bi ru Awólọ́wọ̀, ó sì dá Akíntọ́lá sílẹ̀. Ohun tí ó dun àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ jù ni èyí, nítorí ẹni tí ó ń wàásù pé ọrọ̀ ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò yẹ ní ẹni tí à ń bá orúkọ rẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń béèrè bí ó ti jẹ́ tí Pírémíà tí ó wà lórí oyè nígbà kan náà kò fi mọ̀ nǹkan kan. Ní oṣù Kọkànlá 1962 ni wọ́n gbé e lọ sí kóòtù fún ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Ẹjọ́ náà ń lọ lọ́wọ́ ní oṣù Keje 1963 nígbà tí Olúṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, Adájọ́ Ṣówẹ̀mímọ̀ sọ pé ọwọ́ òun wà ní dídè, ó sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá Awólọ́wọ̀ ṣọ̀tá láti 1952 lè rò pé ẹjọ́ náà tọ́; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n rí bàbá tí ọmọ kú fún tí a tún fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè.

Ìyípadà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í hàn láti ibí yìí, kì í sì í ṣe àánú nìkan ni ó fà á. Ìtò àwọn ẹgbẹ́ fúnra wọn ti yí padà: Fádáhùnsi ti NCNC ti di Gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù Kìíní 1963. Ní oṣù Kẹta 1964, Akíntọ́lá àti apá kan NCNC Ìwọ̀-Oòrùn para pọ̀ di NNDP, ẹgbẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Dẹ́mọ. Ṣùgbọ́n NCNC tí ó kù lọ́dọ̀ Michael Okpara ní Ìlà-Oòrùn ti kúrò lẹ́yìn NPC, òun àti Action Group sì jọ dá UPGA sílẹ̀ ní ọdún kan náà. Alákùkọ tí ó fẹ́ dúró sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ní Iléṣà bá ara rẹ̀ nínú agbo kan náà pẹ̀lú Ọlọ́pẹ tí ó ti bá jà fún ọdún méjìlá. Ọ̀tá àná di alájọṣe. Ogunde, àgbà òṣèré orí ìtàgé, ṣe eré Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Akíntọ́lá sì fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá ń bẹ̀rù eré orí ìtàgé, ó ti mọ̀ pé ìbò kò sí fún òun mọ́. Ìbò oṣù Kẹwàá 1965 jẹ́ èrú tí ó hàn gbangba, wọ́n sì fi iná dáhùn èrú: wẹ́tìẹ̀, ìyẹn dída epo bẹntiróòlù síni lára kí a tó sọ iná sí i, sọ ilé àti ènìyàn di eérú ní ìlú púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn títí tí ìbọn àwọn ológun fi dún ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1966, tí Akíntọ́lá sì bá a lọ.

Ní oṣù Kẹjọ 1966 ni Gowon, olórí ìjọba ológun, tú Awólọ́wọ̀ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n ní Kàlàbá. Ó ṣe kọmíṣọ́nnà ìṣúná àti igbákejì alága ìgbìmọ̀ ìjọba láti 1967 títí dé 1971. Ogun abẹ́lé kún àwọn ọdún náà, ó sì bí àríyànjiyàn mìíràn tí kò tíì tán títí di òní: ní Ìlà-Oòrùn, wọn kò gbàgbé owó ogún pọ́n-ùn tí a fún ẹni tí ó ní owó ní báńkì, iye yòówù kí ó ní, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbàgbé ebi tí ó pa ọmọ wọn. Ní ilé, èyí tí wọ́n ń sọ ni pé ó ná owó ogun láì jẹ́ kí Nàìjíríà jẹ gbèsè sí ẹnikẹ́ni. Ìran méjì, ojú méjì. Kò sì sí ọ̀nà tí ẹnìkan lè gbà sọ pé èkíní tọ́ láìgbọ́ èkejì.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 1978, ọjọ́ kejì tí a gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tí ó de òṣèlú, Awólọ́wọ̀ gbé ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun, UPN, jáde, pẹ̀lú ètò mẹ́rin: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìtọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955 ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún ní 1979. Òun ni olùkọ́, òun ni akọ̀wé, òun ni nọ́ọ̀sì ní Òṣogbo àti Iléṣà, òun náà sì ni olùdìbò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ilẹ̀ méjèèjì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, fún Awólọ́wọ̀ ní ìbò tí ó lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n bí ní Zaria ní 1930, di Gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Mo gbà pé kò sí ìyípadà tí ó tóbi tó èyí nínú ìtàn òṣèlú wa.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kì í ṣe Iléṣà nìkan. Nínú ìbò ààrẹ náà, Shehu Shagari ti ẹgbẹ́ NPN ní ìbò 5,688,857, Awólọ́wọ̀ ní 4,916,651. Ọ̀pọ̀ ní Àríwá sọ pé ẹni tí ó mú Philip Umeadi, Krìsìtẹ́nì ará Ìlà-Oòrùn, ṣe igbákejì kò ka àwọn sí. Àwọn mìíràn sọ pé ọkàn rẹ̀ le jù, pé kì í dárí ji ẹni tí ó bá ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ní kí ẹni tí yóò wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19. Shagari ní i ní 12. Ṣé 13 ni ìdá méjì nínú mẹ́ta 19, tàbí 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ kan? Àjọ elétò ìdìbò gba ti èkejì, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 1979. Nínú àwọn adájọ́ náà, Káyọ̀dé Èṣọ́ kọ̀: ó ní a kì í gé ìpínlẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ọmọ Iléṣà ni Èṣọ́. Òun kan náà ni ó dá Wọlé Ṣóyínká sílẹ̀ ní 1965 lórí ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ rédíò Ìbàdàn. Mo kọ èyí láti fi hàn pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó bá ti rí ohun tí òfin sọ kì í fi ojú wo ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ní ó ń ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Láàárín 1979 àti 1983, àríyànjiyàn náà wọ inú ilé UPN fúnra rẹ̀. Sunday Afọlábí ọmọ Ìrèé, igbákejì Gómìnà, fi Ìgè sílẹ̀ bọ́ sí NPN, Bísí Àkàndé ọmọ Ìlá sì gba ipò rẹ̀. Wọ́n ní Ìgè jẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ahọ́n rẹ̀ mú ju abẹ lọ, ẹni tí kò mọ bí a ti ń rọ àgbà lójú. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ti sọ sí ọ̀gá rẹ̀ ní 1954. Ní 1983, wọ́n kéde pé Ọmọlólú Ọlúnlọ́yọ̀ ni ó borí Ìgè, ìbò tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, àwọn ológun sì gba ìjọba ní ọjọ́ tí ọdún náà parí. Fún ìgbà kẹta, a kò jẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fúnra wọn parí ẹjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Awólọ́wọ̀ kú ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún 1987, láìjókòó sí àga olórí ìjọba Nàìjíríà fún ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, tí Òṣogbo sì di olú ìlú rẹ̀, ìbéèrè nípa ẹni tí ó yẹ kí a fi ìjọba lé lọ́wọ́ tún yọjú nígbà ìjọba Ráúf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ òsì láti ìgbà èwe, tí ó sì ṣe Gómìnà láti oṣù Kọkànlá 2010 títí dé 2018. Àwọn kan ń yìn ín fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àti Ọ̀pọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ ìkẹ́kọ̀ọ́ alágbèéká fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn ń fi í bú nítorí àtúntò ilé ẹ̀kọ́ àti owó oṣù tí ó di ààbọ̀ láti 2015, ọdún tí adájọ́ kan kọ̀wé sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n wádìí rẹ̀. Ìtàn yẹn ṣì tutù jù fún mi láti dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ní ti Awólọ́wọ̀, ìdájọ́ tèmi nìyí: ó yẹ láti ṣe ìjọba, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni àwọn tí ó kàwé ní ilẹ̀ tí ó kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Àwọn alátakò rẹ̀ náà kò jẹ́ aṣiwèrè. Ní ti líle ọkàn sí ẹni tí ó bá yapa, àti ní ti gbígbé ẹgbẹ́ lé orí ìjọba ní 1962, wọ́n sọ òtítọ́. Àwọn ọmọ Awólọ́wọ̀ ti kọ ìwé tiwọn ní ọ̀pọ̀ yanturu. Àwọn Alákùkọ Iléṣà àti Ọ̀ṣun kò kọ tó, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin tí bàbá yín bá Fádáhùnsi rìn, ẹ̀yin tí ìyá yín bá Kọ́láwọlé Balógun dìbò, ẹ tú àpótí àwọn àgbà yín; káàdì ẹgbẹ́, lẹ́tà, ìwé ìpolongo, àwòrán ìpàdé, èyíkéyìí tí ẹ bá rí, ẹ fi sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti lè kà á, ẹ sì jókòó ti àwọn díẹ̀ tí ó ṣẹ́kù nínú àwọn tí ó dìbò ní 1956, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ọ́.